Ibi tí ọ̀rọ̀ àbúrò mi àti ilé ẹ̀kọ́ irun já sí

Èmi tí mo béèrè bóyá kí àbúrò mi yá ₦400,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kó fi kọ́ irun àti mékọ́ọ̀pù nílé ẹ̀kọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo ti padà dé. Ẹ ṣeun.

Ìmọ̀ràn tó ṣiṣẹ́ jù ni pé ká lọ bá àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ jáde níbẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Iye tí ilé ẹ̀kọ́ ní wọ́n ń pa lóṣù, àṣé owó àsìkò Ojúde Ọba ni! Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, ta ni kò fẹ́ dirun, ta ni kò fẹ́ wé gèlè? Tí òde bá tán, owó ṣọ́ọ̀bù àti epo jẹnẹrétọ̀ ló ń kó èyí tó pọ̀ jù lọ. Alájẹṣẹ́kù ò sì ní dúró de Iléyá.

Ìmọ̀ràn pé ká ní kí ilé ẹ̀kọ́ náà jẹ́ ká pín owó wọn san já sí i díẹ̀: wọ́n gbà, àmọ́ wọ́n bu owó lé e.

Àbúrò mi ò yá owó náà mọ́. Ó ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ onídìrí kan ní Ṣàgámù báyìí, kò jẹ gbèsè kankan. Mékọ́ọ̀pù ló kù, ọ̀gá rẹ̀ kì í ṣe é. Tó bá gba fíríìdọ́ọ̀mù, á kọ́ ìyẹn lọ́tọ̀.