Ṣé éjẹ́ǹtì orí kọ̀ǹpútà lè bá wa ṣètò ẹ̀gẹ́ àti gàrí ní Ògbómọ̀ṣọ́?

Ọmọ Oníyangàrí:
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí yín. Màmá mi ní ilé ìyangàrí kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, èmi ni mo sì ń bá wọn ṣe àkọsílẹ̀. Láti ìhà Ìkòyí-Ilé àti Ìrẹsà-Adú ni ẹ̀gẹ́ ti ń wá bá wa. Gàrí wa sì ń lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbàtà nínú ìlú àti àwọn alájàpá tí ń kó o lọ sí Ìbàdàn. Nígbà mìíràn ẹ̀gẹ́ á pọ̀ débi pé á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ kí a tó rin ín tán, nítorí kì í kọjá ọjọ́ 2 sí 3 lẹ́yìn tí wọ́n bá wú u. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, agbada á ṣófo, àwọn alájàpá á sì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́ pé àwọn kan ń lo éjẹ́ǹtì, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣojú olúkúlùkù ẹni tó wà nínú òwò. Ṣé ó wúlò fún òwò tó mọ níwọ̀n bíi tiwa?

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́:
Àbúrò mi, ó wúlò, ṣùgbọ́n má tíì jẹ́ kó máa ra ẹ̀gẹ́. Kọ́kọ́ fi í wo bí òwò yín ṣe ń rìn. Jay Forrester, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé láti ọdún 1961 pé ìyípadà kékeré lọ́dọ̀ oníbàárà máa ń di ńlá bó ṣe ń padà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń pèsè ọjà. Kòbókò ló jọ: ọwọ́ á mì díẹ̀ nídìí, ẹnu rẹ̀ á sì fò lọ jìnnà. Ká ní àwọn tó ń jẹ gàrí fi àpò 1 kún 10 tí wọ́n ń rà. Àgbàtà á bèèrè 12 kí ọjà má bàa tán lọ́wọ́ rẹ̀, alájàpá á bèèrè 15, ẹ̀yin náà á sì ránṣẹ́ sí olóko pé kó wú ẹ̀gẹ́ tó máa tó àpò 20. Kò sí ẹni tó ṣìwà hù nínú wọn. Ohun tó wà níwájú kálukú nìkan ló rí. Fún éjẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan ní ìlànà tí ẹni tó ń ṣojú fún ń tẹ̀ lé, jẹ́ kí wọ́n máa ra, kí wọ́n máa tà fún 100 ọjọ́ lórí kọ̀ǹpútà, wàá rí ibi tí ẹ̀gẹ́ ti ń ṣòfò. NetLogo, ètò kọ̀ǹpútà kan tí Uri Wilensky gbé jáde ní 1999, tó fún iṣẹ́ yìí, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ìyá Ìbejì:
Òótọ́ ni Ẹ̀gbọ́n sọ. Ìlànà kan wà tí Reid Smith, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, gbé kalẹ̀ ní 1980, níbi tí éjẹ́ǹtì kan ti ń kéde iṣẹ́, tí àwọn yòókù ń sọ iye tí wọ́n máa gbà, tí ó sì ń yan èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó dára fún yíyan ọkọ̀ akẹ́rù tó máa kó ẹrù yín. Ṣùgbọ́n olóko tí Màmá ti san owó sílẹ̀ fún kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, tí òun náà sì ń kó ẹ̀gẹ́ fún wọn láwìn nígbà tí owó kò sí, kì í ṣe ẹni tí a lè tìtorí owó díẹ̀ pa tì. Ẹ rí i pé àwìn àti àsansílẹ̀ wà nínú ìlànà tí ẹ bá kọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ètò náà á máa sọ̀rọ̀ nípa ọjà tí kò sí ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọmọ Oníyangàrí:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé iye tí àwọn alájàpá bèèrè ni mo ń kọ sílẹ̀, kì í ṣe iye tí àwọn oníbàárà rà. Láti ọjọ́ Ajé, màá bẹ àwọn àgbàtà wa pé kí wọ́n máa fi iye kóńgò tí wọ́n tà ránṣẹ́ sí mi lálaalẹ́ lórí WhatsApp. Àwọn alájàpá Ìbàdàn ló kù, nítorí wọn kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ iye tí wọ́n tà. Màmá ní àwọn yóò bá wọn sọ ọ́ fúnra wọn.