Yàrá òkè ò gbóná: ṣé híítà tó tóbi ló kàn?

Àdùkẹ́: Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni mo fẹ́ béèrè nípa rẹ̀. Ìsàlẹ̀ dára, ṣùgbọ́n yàrá méjì tó wà lókè ń tutù nígbà òtútù, wọ́n sì ń gbóná bí ààrò nígbà ooru. Ìgò fèrèsé ń làágùn láràárọ̀. Oníṣẹ́ tó wá wò ó ní ká yọ híítà, ká gbé èyí tó tóbi jù ú lọ síbẹ̀. Kò wọn nǹkan kan, àkọlé ara ẹ̀rọ nìkan ló kà. Ṣé ká gbà?

Ẹ̀gbọ́n Táyé: Àbúrò, má tíì gbà. Ẹni tí kò wọn ilé kò lè mọ iye ooru tí ilé ń pàdánù. Àjà, ògiri, fèrèsé, àwọn ihò tó wà láàárín wọn àti duct tó ń gbé atẹ́gùn kiri, gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń pinnu bóyá ara á tu èèyàn nínú ilé. Híítà kàn jẹ́ ọ̀kan lára wọn ni.

Wo ohun tí híítà tó tóbi jù máa ń ṣe. Á tàn, á tú ooru jáde gìrìgìrì, ibi tí thermostat (ẹ̀rọ tó ń wọn ooru ilé, tó sì ń tan híítà tàbí pa á) wà á gbóná láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ̀rọ á kú. Atẹ́gùn gbígbóná ò tíì dé yàrá òkè. Á tún tàn, á tún kú. Bí ẹ̀rọ amúlétutù bá sì tóbi jù, tirẹ̀ tún burú sí i, torí ó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ pẹ́ díẹ̀ kí omi tó máa kán kúrò lára coil (páìpù inú rẹ̀ tó ń tutù). Tó bá ń kú ṣáá, ilé á tutù ṣùgbọ́n ara á máa rin gbindin.

Ìṣirò tí oníṣẹ́ yẹ kó ṣe ni wọ́n ń pè ní Manual J. Ó máa ń béèrè ìwọ̀n yàrá kọ̀ọ̀kan, iye fèrèsé àti ìhà tí wọ́n kọjú sí, iye R-value àjà àti ògiri (bí wọ́n ṣe ń dènà ooru tó), bí atẹ́gùn ṣe ń jò tó, àti bí òtútù ìlú yẹn ṣe ń mú tó. Tí wọ́n bá ní "ton", kì í ṣe ìwúwo ẹ̀rọ: ton 1 jẹ́ 12,000 BTU (òṣùwọ̀n ooru) ní wákàtí kan. Ẹni tó bá sọ iye ton láìwọn fèrèsé kan, àbá ló ń dá.

Ìyá Mojí: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ihò kún un, torí ibẹ̀ ni mo gbà pé ọ̀rọ̀ Àdùkẹ́ wà. Atẹ́gùn gbígbóná fúyẹ́, òkè ló ń lọ. Á wá ihò gba inú àjà jáde. Bó ṣe ń jáde lókè ni ilé ń fa òtútù wọlé nísàlẹ̀, láti etí ilẹ̀kùn àti ibi tí pákó ilẹ̀ ti jókòó lórí ìpìlẹ̀. Bí híítà ṣe ń ṣiṣẹ́ tó ni ilé ń mí jáde tó.

Ẹ pe ẹni tó ní blower door. Fáànù ńlá kan ni wọ́n máa dè mọ́ ẹnu ọ̀nà, á fa atẹ́gùn jáde títí ìyàtọ̀ ìtì atẹ́gùn inú àti ìta á fi tó 50 Pascal (òṣùwọ̀n ìtì atẹ́gùn). Wọ́n á wá sọ iye ìgbà tí gbogbo atẹ́gùn ilé ń yí padà ní wákàtí kan. ACH50 lorúkọ nọ́ńbà yẹn. Àwọn tó ń kọ́ ilé Passivhaus (ilé tí wọ́n kọ́ kó má fi ooru ṣòfò) kò gbà kó kọjá 0.6. Ilé àtijọ́ lè kọjá 10. Bí fáànù bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ tan igi tùràrí kan, kí ẹ gbé e lọ síbi tí ẹ fura sí. Níbi tí èéfín bá ti yà lójijì, ihò wà níbẹ̀.

Kò sí blower door? Ẹ gun àjà lọ, kí ẹ ṣí fiberglass (òwú ìgò tó ń dá ooru dúró) tó tẹ́ síbẹ̀. Níbi tí ẹ bá ti rí i tó dúdú bí èédú lábẹ́, ẹ má rò pé ìdọ̀tí lásán ni. Atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ kọjá, fiberglass ń sẹ́ ẹ bí asẹ́, eruku rẹ̀ ló kù síbẹ̀. Ẹ wo ibi tí wáyà ti wọ orí ògiri, àyíká páìpù, ìdérí ẹnu àjà, àti iná tí wọ́n ri bọ inú àjà.

Caulk (ohun rírọ̀ tí wọ́n fi ń dí ihò) ni fún ihò tín-ín-rín, bí ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì. Èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, fóòmù ni. Èyí tó fẹ̀ gan-an, ẹ gé pákó fóòmù líle, kí ẹ fi fóòmù olómi lẹ etí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi fóòmù kan ọ̀pá èéfín híítà. Irin pẹlẹbẹ àti caulk tí iná kì í jó ni fún ibẹ̀.

Káyọ̀dé: Ẹ jọ̀ọ́, bí a bá ti ojú atẹ́gùn ìsàlẹ̀ (ibi tí duct ti ń tú atẹ́gùn sí yàrá) pa ńkọ́, ṣé èyí ò ní ti atẹ́gùn lọ sókè? Duct tape sì wà nílé, ṣé mo lè fi dí ara duct?

Ẹ̀gbọ́n Táyé: Rárá sí méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé, 0.5 íǹṣì omi ni agbára ìtì atẹ́gùn tí wọ́n ṣe wọ́n fún. Bí ẹ bá ti ojú atẹ́gùn pa, ìtì yẹn á ga, duct tó ń jò á máa jò sí i, híítà á gbóná jù, switch ààbò á pa á. Nígbà ooru, coil á di yìnyín. Asẹ́ náà ń dá irú wàhálà yìí sílẹ̀: MERV 13 (asẹ́ tó ń sẹ́ eruku kíkúnná) tí kò nípọn ju íǹṣì 1 lọ máa ń fún ẹ̀rọ lọ́rùn. Ẹ lo èyí tó nípọn tó íǹṣì 4 bí àyè bá wà.

Duct tape aláṣọ, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, kò dára fún duct. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ á gbẹ, á ṣí. Mastic (ọ̀dà kíki tí wọ́n fi ń dí duct) ni kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn, kó nípọn bí owó irin. Níbi tí àlàfo bá ti fẹ̀, ẹ tẹ́ nẹ́ẹ̀tì fiberglass sínú rẹ̀. Tépù onírin tí wọ́n kọ UL 181 (àmì ìdánwò fún duct) sí lára náà dára. Ìdí ẹ̀rọ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìtì ti le jù. Duct rírọ̀ tó bá ká kọ́rọkọ̀rọ, ẹ fà á nà.

Bùnmi: Mo fẹ́ bi Àdùkẹ́: ṣé yàrá òkè wọ̀nyẹn máa ń gbóná díẹ̀ bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn wọn sílẹ̀?

Àdùkẹ́: Bẹ́ẹ̀ ni, àǹtí, ó máa ń hàn gan-an!

Bùnmi: A jẹ́ pé atẹ́gùn ń wọlé, kò rọ́nà padà. Ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́, kí ẹ mú tíṣù sún mọ́ àlàfo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn láti ìta. Bó bá fẹ́ sẹ́yìn gan-an, yàrá ti há. Oníṣẹ́ á fi manometer (ẹ̀rọ tó ń wọn ìtì atẹ́gùn) wọ̀n ọ́n. Bó bá ju 3 Pascal lọ, ó yẹ kí wọ́n ṣe nǹkan sí i. Gígé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kì í sábà tó. Kí wọ́n lu ojú atẹ́gùn sókè ilẹ̀kùn, tàbí kí wọ́n fi duct kékeré gba inú àjà so yàrá mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ìyá Mojí: Ti ìgò tó ń làágùn kù. Bí inú ilé bá jẹ́ digírì 21 Celsius, tí ọ̀rinrin sì jẹ́ 50%, ohunkóhun tó bá tutù tó digírì 10 á làágùn. Ẹ ra hygrometer (ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin), kí ẹ máa sọ ọ̀rinrin kalẹ̀ sí 30 sí 40% nígbà òtútù líle. Ẹ fi ewé tíṣù kan lé fáànù ilé ìwẹ̀: bí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, fáànù yẹn ń pariwo lásán ni. Kí páìpù rẹ̀ jáde síta pátápátá, kì í ṣe sínú àjà, níbi tí pákó òrùlé á ti máa jẹrà láìsí ẹni tó mọ̀.

Bí ẹ bá ti dí ilé, ẹ gbọ́dọ̀ fún un ní atẹ́gùn tuntun. Ìlànà ASHRAE 62.2 lórí atẹ́gùn ilé rọrùn: 0.03 CFM (òṣùwọ̀n atẹ́gùn tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú kan) fún ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, ẹ fi 7.5 kún un fún yàrá ibùsùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tún fi 7.5 kan sí i. Ilé tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 1,500, tó ní yàrá ibùsùn mẹ́ta: 45 àti 30, ó di 75 CFM.

Ẹ má fojú kékeré wo èyí: bí ẹ̀rọ omi gbígbóná yín bá ń lo gáàsì, tó sì ń gba ọ̀pá èéfín lásán, kí oníṣẹ́ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn tí ẹ bá dí ihò, pẹ̀lú gbogbo fáànù ní títàn. Èéfín lè yí padà sínú ilé. Carbon monoxide kò ní òórùn. Kí alarm rẹ̀ wà ní ìpele ilé kọ̀ọ̀kan.

Àdùkẹ́: Mo dúpẹ́ gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Kí ni kí n kọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣe?

Ẹ̀gbọ́n Táyé: Ihò àjà ni kí wọ́n kọ́kọ́ dí. Cellulose (bébà lílọ̀ tó ń dá ooru dúró) tẹ̀lé e: íǹṣì kan rẹ̀ ń fúnni ní bíi R-3.5, nítorí náà R-49 á gba íǹṣì 14. Kí wọ́n fi baffle (pátákó tó ń ṣí ọ̀nà atẹ́gùn sílẹ̀) sí etí òrùlé kó má baà dí atẹ́gùn ibẹ̀. Tí wọ́n bá ti dà á lé ihò, owó ìdíhò á di ìlọ́po, torí wọ́n á tún kó o kúrò. Lẹ́yìn náà, duct àti ọ̀nà ìpadà atẹ́gùn tí Bùnmi sọ. Kí ACH50 ṣáájú àti lẹ́yìn wà nínú ìwé àdéhùn. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni kí wọ́n tó ṣe Manual J, pẹ̀lú nọ́ńbà tuntun. Ó ṣeé ṣe kí híítà tí wọ́n á kọ sílẹ̀ kéré ju èyí tó wà níbẹ̀ báyìí.