Iná iwájú Corolla mi ń ṣẹ́jú lálẹ́, ṣé alternator ni àbí ẹ́ẹ̀tì?

Ìyá_Táyé_Ìbàdàn:
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Corolla 2004 ni mò ń wà, tòkunbọ̀ ni, ọdún kẹta rèé tí mo ti rà á. Láti bí oṣù méjì báyìí ni iná iwájú ẹ̀ ti ń ṣẹ́jú, á mọ́lẹ̀, á tún ṣe bàìbàì, tí mo bá tẹ bírékì á lọ sílẹ̀, tí mo bá tan AC á tún lọ sílẹ̀ sí i, wípà náà ń wọ́ra bí ẹni tó gbààwẹ̀. Ọ̀yọ́ ni mo ti ń kó èlùbọ́, aago márùn-ún ìdájí ni mo sì máa ń kúrò n'Ìbàdàn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà Mọ́níyà síwájú ẹ mọ bó ṣe máa ń ṣókùnkùn tó. Ìjẹta, tírélà kan tó bàjẹ́ sójú ọ̀nà láìtan iná ni mi ò tètè rí, Ọlọ́run ló yọ mí.

Rewáyà mi kọ́kọ́ ní bátìrì ni, mo ra tuntun, ó ń ṣẹ́jú. Ó ní gílóòbù ni, mo pààrọ̀ méjèèjì, ó ṣì ń ṣẹ́jú. Ní báyìí ó ti ní alternator, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún bátìrì tí mọ́tò bá ń ṣiṣẹ́, ni, kí n lọ wá owó. Èmi wá rí fídíò ọkùnrin kan tó ní kí wọ́n fi wáyà ẹ́ẹ̀tì tó nípọn kún ti mọ́tò, pé iná á dúró. Ṣé òótọ́ ni? Wáyà wo ni kí n rà? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá sí i kí n tó tún náwó, owó èlùbọ́ ni mo fi ń ra páàtì láti oṣù méjì.

Mítà_Kì_Í_Parọ́:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o ìyá ìbejì. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Iná tó bá jáde lẹ́nu pọ́sítíìfù tó lọ tan gílóòbù, ó gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà sẹ́nu négátíìfù, bọ́dì mọ́tò gan-an sì ni ọ̀nà àbọ̀ yẹn. Wáyà ẹ́ẹ̀tì ló ń so ọ̀nà àbọ̀ yìí pọ̀: ọ̀kan máa ń ti bátìrì lọ sára bọ́dì, òmíì á lọ sára ẹ́ńjìnì tàbí gearbox, òmíì á tún so ẹ́ńjìnì mọ́ bọ́dì, torí orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnì jókòó sí, rọ́bà ò sì ń gbé iná. Tí àwọn yìí bá dẹ̀ tàbí tí wọ́n dípẹtà, gbogbo ohun tó ń lo iná á máa du ojú ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo, bí ọjọ́ tí wọ́n bá dí ẹ̀gbẹ́ kan títì tí gbogbo mọ́tò wá ń fún ara wọn. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ bá ti tẹ bírékì tí iná iwájú á fi lọ sílẹ̀.

Ẹ wá mítà oní-nọ́ńbà, èyí tó kéré jù náà tó. Ẹ yí i sí DC 20. Ẹ sítáàtì mọ́tò, ẹ tan iná iwájú, ẹ tan fáànù AC dé òpin. Ẹ fi ẹnu dúdú sórí òjé négátíìfù bátìrì, kì í ṣe orí terminal tó gbá a mú o, orí òjé gangan. Kẹ́ ẹ wá máa fi ẹnu pupa kan ibòmíì lọ́kọ̀ọ̀kan, terminal yẹn fúnra ẹ̀, irin ẹ́ńjìnì, bọ́dì níbi tí ò ti ní ọ̀dà, àti bóòtù tí wọ́n fi de ẹ́ẹ̀tì iná iwájú. Tó bá wà nísàlẹ̀ fóòtì (volt) 0.1, ó dáa. Tó bá ti kọjá 0.2, ibẹ̀ ni olè wà. Lẹ́yìn náà ẹ wọn bátìrì láti pọ́sítíìfù sí négátíìfù, tó bá ń ka nǹkan bí 13.8 sí 14.5, ẹ fi alternator sílẹ̀ kó sinmi.

Ẹ má sì fojú kékeré wò ó pé kò tó fóòtì kan. Gílóòbù halogen bíi tiyín, tí fóòtì tó ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ bá fi 10 nínú 100 dín kù, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ á fi bíi 30 nínú 100 dín kù.

Rewáyà_Láfẹ́nwá:
Ọdún 17 rèé tí mo ti ń ṣe rewáyà l'Abẹ́òkúta, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa bú gbogbo wa pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ní kẹ́ ẹ ra bátìrì láìwọn nǹkan kan yẹn, ifá ló ń dá, kì í ṣe mọ́tò ló ń tún ṣe.

Mo bi yín, ṣé wọ́n ti kun fẹ́ńdà mọ́tò yẹn rí? Ṣé wọ́n ti sọ ẹ́ńjìnì àbí gearbox ẹ̀ kalẹ̀ rí? Tí wọ́n bá kun ún, ọ̀dà á wọ abẹ́ bóòtù ẹ́ẹ̀tì, iná ò ní ráyè kọjá dáadáa. Mẹkáníìkì tó bá sì sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀, wáyà kan wà tí wọ́n hun bí irun tó so ẹ́ńjìnì mọ́ bọ́dì lẹ́yìn, ó lè má dá a padà, á ní mọ́tò ṣáà ti sítáàtì. Mo ti rí èyí tí iná wá ń gba kébù throttle (okùn irin tó ń mú mọ́tò sáré tẹ́ ẹ bá tẹ pẹ́dà) padà títí tí kébù yẹn fi gbóná tó ń rùn.

Tẹ́ ò bá rí mítà, ẹ mú wáyà dúdú tí wọ́n fi ń jọ́ọ̀mpù bátìrì, ẹ gbá ẹnu kan mọ́ négátíìfù, ẹ gbá èkejì mọ́ irin bọ́dì, kí ẹnì kan máa wo iná. Tó bá mọ́lẹ̀ lójijì, ẹ ti mú un nìyẹn. Ẹ gbé e kúrò ẹ fi kan ẹ́ńjìnì náà wò.

Wáyà tẹ́ ẹ bá máa rà, nọ́ńbà 4 tàbí 25 mm², bàbà pọ́ńbélé. Ẹ họ ọ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó, tó bá funfun nínú, aluminium tí wọ́n fi bàbà bò ni, ó wọ́pọ̀ lọ́jà báyìí. Kí wọ́n fi irinṣẹ́ tó ń tẹ terminal tẹ ẹnu ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi òòlù lù ú. Ẹ fi sáńdípépà ha ibi tó máa jókòó títí irin á fi dán, ẹ dè é le, kẹ́ ẹ wá fi gíríìsì bò ó lókè kí omi má wọbẹ̀. Négátíìfù lẹ máa kọ́kọ́ tú, òun náà lẹ máa dè gbẹ̀yìn.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Leeds:
Òótọ́ ni bọ̀dá rewáyà ń sọ. Ní Leeds níbí, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì tí òtútù bá dé kí yìnyín má dì, iyọ̀ yẹn ló sì ń jẹ ẹ́ẹ̀tì. Tèmi, lójú, wáyà wà níbẹ̀ digbí, ìgbà tí mo fọwọ́ kàn án ló já, inú ẹ̀ ti di lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ewé. Ẹ má kàn wò ó lójú o, ẹ fà á.

Ìyá_Táyé_Ìbàdàn:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọmọ àbúrò mi tó wà ní Poly yá mi ní mítà, àwa méjèèjì la jọ ṣe é láàárọ̀ yìí, mi ò pe rewáyà. Terminal 0.02, ẹ́ńjìnì 0.06, bọ́dì 0.71, bóòtù iná iwájú 0.74! Bátìrì 14.1. Alternator ò ṣe nǹkan kan fún mi rárá, èmi tí mo ti fẹ́ lọ gba àjọ.

A tú wáyà kékeré tó ti bátìrì lọ sára fẹ́ńdà, àṣé ọ̀dà ni wọ́n fi bò abẹ́ ẹ̀ pátápátá, wọ́n ti kun fẹ́ńdà yẹn láti ibi tó ti ń bọ̀. Wáyà bí irun dídì tí bọ̀dá rewáyà sọ, a wá a títí, ihò bóòtù ẹ̀ nìkan la bá. A ha ti fẹ́ńdà, 0.71 di 0.16. Mo wá lọ sí Agodi Gate, mo ra wáyà bàbà, mo ní kí wọ́n bá mi tẹ ẹnu ẹ̀, a fi so ẹ́ńjìnì mọ́ bọ́dì, ó di 0.04. Wípà ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ṣùgbọ́n tí AC bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé, iná ṣì máa ń lọ sílẹ̀ fìrí lẹ́ẹ̀kan, ṣé ó ṣì kù ni?

Mítà_Kì_Í_Parọ́:
Rárá o, ìyẹn ò burú. Tí AC bá gbé nígbà tí mọ́tò dúró sójú kan, ẹrù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹ́ńjìnì lọ́rùn nìyẹn, á fa ara ẹ̀ padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ má fi wáyà kankan kún un mọ́ jàre, èyí tó sọnù lẹ fi èyí tuntun rọ́pò, ó tán.

Ṣẹ́gun_LED:
Tèmi náà ń ṣẹ́jú o, LED ni mo fi sí i, mo ti fi wáyà ẹ́ẹ̀tì mẹ́ta kún un.

Rewáyà_Láfẹ́nwá:
Ṣẹ́gun, dá gílóòbù àtijọ́ padà sí i ná. Tó bá dúró láìṣẹ́jú, LED ẹ ni kó o bá wíjọ́, mọ́tò míì wà tí kọ̀ǹpútà ẹ̀ máa ń fi iná ránṣẹ́ gátagàta, á tàn á kú kíákíá, halogen ò mọ̀ ọ́n lára ṣùgbọ́n LED á máa ṣẹ́jú. Ẹ́ẹ̀tì ogún ò lè tún ìyẹn ṣe.

Ìyá_Táyé_Ìbàdàn:
Mo lọ sí Ọ̀yọ́ mo sì ti dé, iná dúró gbọnin. Rewáyà mi wá kí mi nírọ̀lẹ́, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, kò fèsì, nígbà tó ń lọ ló ní kí n bá òun yá mítà yẹn dọ́la.