“Kọ́ọ̀sì oníwàádìí” ni mo fara mọ́, kì í ṣe “ẹ̀kọ́ aláfọwọ́ṣe”

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ti ka àbá méjèèjì tó wà nílẹ̀ lórí orúkọ tó yẹ ká fún ìlànà tuntun tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè, èyí tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì gé kúrú sí CURE (Course-based Undergraduate Research Experience): kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ́ ìmọ̀ náà nípa ṣíṣe ìwádìí gidi nínú kíláàsì. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ká pè é ní “ẹ̀kọ́ aláfọwọ́ṣe”. Àbúrò kan fèsì pé “ẹ̀kọ́ onídàánwò” ló tọ́, torí pé ńṣe ni wọ́n ń dán nǹkan wò. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Nínú prátíkà tí ọ̀pọ̀ wa ṣe, olùkọ́ ti mọ ohun tí a máa rí ká tó wọlé. Ìlànà wà nínú ìwé: da èyí mọ́ tọ̀hún, dúró díẹ̀, kọ àwọ̀ tí o rí sílẹ̀. Ẹni tí àwọ̀ tirẹ̀ bá yàtọ̀ ti gba òdo nìyẹn. Ọwọ́ wa ló ṣe é lóòótọ́, àmọ́ a ò wá nǹkan kan. Tó bá jẹ́ “aláfọwọ́ṣe” la fi sọ ọ́ lórúkọ, prátíkà yìí náà á bá a wọlé, ìyàtọ̀ tí à ń wá orúkọ fún á sì pòórá. Èmi á ní ká máa pe irú èyí ní “prátíkà àmọ̀tẹ́lẹ̀”.

Ẹ wá wo ètò SEA-PHAGES, tí àjọ Howard Hughes Medical Institute bẹ̀rẹ̀ ní 2008 pẹ̀lú Graham Hatfull ní Yunifásítì Pittsburgh ní Amẹ́ríkà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni wọ́n ní lọ́kàn. Akẹ́kọ̀ọ́ á bu erùpẹ̀ níbi tó bá wù ú, á pò ó mọ́ omi tí wọ́n ti pèsè, á sẹ́ ẹ gba inú asẹ́ tí ihò rẹ̀ kò ju nǹkan bí 0.22 máíkírómítà lọ, tí bakitéríà ò fi ní lè gbà á kọjá. Á da omi tó sẹ́ yẹn mọ́ Mycobacterium smegmatis, tó jẹ́ ẹbí bakitéríà tó ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ àmọ́ tí kì í sábà pani lára, á dà á sínú abọ́ pẹrẹsẹ, á sì gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ kan sí méjì, bakitéríà á ti bo ojú abọ́ bí koríko ṣe ń bo pápá. Tí iṣẹ́ náà bá jẹ́, ojú kan á wà níbẹ̀ tó pá, tó mọ́ gaara. Fáírọ́ọ̀sì ló wọ inú bakitéríà níbẹ̀, tó pọ̀ sí i nínú rẹ̀, tó sì bẹ́ ẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ á mú un níbi tó pá yẹn, á tún un gbìn léraléra títí á fi dá a lójú pé irú kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ òun, á sì sọ ọ́ lórúkọ. Olùkọ́ ò mọ ohun tó máa jáde. Kò síwèé tí wọ́n kọ ìdáhùn náà sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ká má kọ fáírọ́ọ̀sì yẹn, tí wọ́n ń pè ní “bacteriophage” tàbí “phage” lédè Gẹ̀ẹ́sì, ní “fáàjì” o. Ẹni tó bá kà á láìsí àmì ohùn á rò pé ọ̀rọ̀ ìgbádùn là ń sọ. “Ajẹbakitéríà” ló wù mí. Ohun tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Félix d'Hérelle ní lọ́kàn náà nìyẹn nígbà tó sọ ọ́ lórúkọ ní 1917. Wọ́n lè ní kì í jẹ ẹ́, ńṣe ló ń pa á; àmọ́ àrùn jẹjẹrẹ náà ò lẹ́nu.

Ká padà sórí “ìdánwò”. Ọ̀rọ̀ tó dára ni ní ìpìlẹ̀: o dán nǹkan wò kó o lè mọ bó ṣe máa rí. Ǹ bá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, àmọ́ ilé ẹ̀kọ́ ti gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́ “kọ́ọ̀sì onídàánwò”, àyà rẹ̀ á já. Nínú ìdánwò ilé ẹ̀kọ́, ẹni tó ń béèrè ti mọ ìdáhùn ṣáájú, òdìkejì ohun tí à ń wí gan-an nìyẹn. Ẹ wá wo “ìwádìí”: wá ìdí. Ẹni tó ń wá ìdí nǹkan ò tíì mọ̀ ọ́n. A sì ti ń sọ “akọ̀ròyìn oníwàádìí”, kò ṣàjèjì létí ẹnikẹ́ni.

Ẹnì kan lè ní kí ló dé tí a ò fi sọ pé “ìwádìí akẹ́kọ̀ọ́” kó parí síbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ìwádìí akẹ́kọ̀ọ́ ti wà: ọ̀jọ̀gbọ́n á mú ọmọ méjì mẹ́ta wọ yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn wo ló ń mú? Àwọn tí máàkì wọn ga, tàbí àwọn tó mọ̀ pé èèyàn lè kan ilẹ̀kùn kó sì béèrè. Ọmọ tí kò sẹ́ni tó kàwé rí nílé wọn, ta ló máa sọ fún un? Ní 2014, àwọn olùwádìí méjì, Bangera àti Brownell, kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, pé tí ìwádìí bá ti di ara kọ́ọ̀sì, gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ló ti wọlé. Lójú tèmi, òun ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìlànà náà, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ “kọ́ọ̀sì” fi gbọ́dọ̀ hàn nínú orúkọ rẹ̀.

Ọdún yẹn kan náà ni Auchincloss àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ to ohun márùn-ún tí wọ́n fi ń dá irú kọ́ọ̀sì yìí mọ̀. Mi ò ní ka gbogbo rẹ̀. Àwárí wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa bá wa jiyàn lórí ìyẹn. Àwárí lobìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀. “Iteration”, èyí tí wọ́n túmọ̀ sí “àtúnṣe”, ni mo ní ìṣòro pẹ̀lú, torí àtúnṣe jẹ mọ́ nǹkan tó bàjẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ojú abọ́ rẹ̀ ò pá, tó lọ bu erùpẹ̀ mìíràn, kò tún nǹkan kan ṣe. Àṣetúnṣe ló ń ṣe.

Wọ́n tún ní iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ wúlò fún ẹni tí kò sí nínú kíláàsì. Ní Durban, ní 2010, akẹ́kọ̀ọ́ kan rí ajẹbakitéríà kan lábẹ́ ìkàn tó ti jẹrà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Muddy. Ní 2019, ìròyìn jáde nínú Nature Medicine pé Muddy wà lára mẹ́ta tí wọ́n fi tọ́jú ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan ní London, tí bakitéríà Mycobacterium abscessus ń bá jà lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, tí oògùn apakòkòrò ò sì ràn án. Ara rẹ̀ yá sí i. Kò sí prátíkà àmọ̀tẹ́lẹ̀ tó lè bí irú èyí.

Ẹ̀gbọ́n béèrè bí olùkọ́ ṣe máa fún wọn ní máàkì bí òun náà ò bá mọ ìdáhùn. Ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wọn ni kó kà: ohun tí wọ́n ṣe, ìdí tí wọ́n fi ṣe é, ohun tí wọ́n yí padà nígbà tí kò jẹ́. Ojú abọ́ tó pá nìkan kọ́ ló ń gba máàkì.

Ó ku orúkọ ojú tó pá yẹn. “Ibi pípá” ni mo ń lò fún un báyìí. Ó ṣe kedere, àmọ́ ó gùn díẹ̀ fún ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ á máa kà lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Ẹni tó bá ní èyí tó ṣe ṣókí jù ú lọ, kó jọ̀wọ́ mú un wá.