Ìmọ̀ràn lórí ìtọ́jú àwọn lẹ́tà àtijọ́ tí a fi ọwọ́ kọ

Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́ ilé-ìkàwé, ẹ jọ̀wọ́, mo ń wá ìrànlọ́wọ́ yín. Àwọn lẹ́tà tí a fi ọwọ́ kọ ní Abẹ́òkúta, ṣáájú ìpàdé àkọtọ́ Yorùbá tó wáyé ní Èkó ní ọdún 1875, wà ní ìkáwọ́ wa, tàdáwà onírin tí wọ́n fi kọ wọ́n sì ti ń jẹ bébà náà lu. Àwọn kan ní kí a fi ọ̀rá alálẹ̀mọ́ bò wọ́n, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà á rárá, nítorí kò ní ṣeé ṣí mọ́ láìya bébà. Báwo ni a ṣe lè dènà ọ̀rinrin níbi tí iná mànàmáná kì í dúró? Nínú kátálọ́ọ̀gù ńkọ́, níwọ̀n bí àwọn òǹkọ̀wé ti kọ “Abbeokuta”, ṣé àkọtọ́ òde òní ni kí n fi ṣe àkọlé, kí n sì to ti àtijọ́ sábẹ́ rẹ̀?