Ta ni wọ́n ti fún ẹran rẹ̀ ní mọ́fíìnì rí, tí ikùn rẹ̀ wá dákẹ́?

Ìyá Dúdú: Ẹ kú ilé o. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ lẹ́sẹ̀ fún Dúdú, ajá mi, lọ́jọ́ Ajé. Mọ́fíìnì ni wọ́n gún un kí ìrora má baà pa á. Kò pẹ́ tó gba abẹ́rẹ́ náà ló bì, ó sì yàgbẹ́ sílẹ̀ lójú gbogbo wa. Mo rò pé wọ́n ti ṣi oògùn lò ni. Àfi bí ìyẹn ṣe jẹ́ ìgbẹ́ ìkẹyìn! Òní Ọjọ́bọ̀ rèé, kò tíì yà nǹkan kan. Á lóṣòó, á tiraka, á dìde, á máa wò mí bíi pé èmi ni mo dí i. Ẹni tójú rẹ̀ bá ti rí irú èyí kó jọ̀ọ́ sọ tirẹ̀.

Aláìgbàgbọ́: Wọn kì í fún ajá lóúnjẹ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Kí lẹ fẹ́ kó yà, afẹ́fẹ́?

Ìyá Dúdú: Ó ti ń jẹun láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ń jẹ ju èmi lọ.

Adúró-ti-Ẹṣin: Ẹ̀yin alájá ò tíì rí nǹkan. Ẹṣin ni kẹ́ ẹ wá tọ́jú. Ajá lè bì, ẹṣin kì í bì, ohun tó bá ti wọlé ibì kan náà ló gbọ́dọ̀ gbà jáde. Ẹṣin kan wà tí mo bá wọn ṣọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, mọ́fíìnì ni wọ́n ń fún òun náà. Iṣẹ́ mi kò ju kí n máa ka ìgbẹ́. Mo ní ìwé, mo ní gègé, gbogbo ìgbà tó bá yà, màá kọ aago. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ ìwé náà funfun báláú. Dókítà gbé ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn, ó ní kí n wá gbọ́. Ikùn ẹṣin tára rẹ̀ dá máa ń kùn bí òjò tó ń bọ̀ lókèèrè. Tèyí dákẹ́ lọ bí ilé òfìfo. Nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀yìn wo ikùn ara rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ walẹ̀, ó fẹ́ yí nílẹ̀. Wọ́n dá mọ́fíìnì dúró, wọ́n fi irú oògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀, wọ́n gba imú da omi sí i nínú, èmi sì ń fà á rìn yípo títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ìgbà tí ẹyọ àkọ́kọ́ já bọ́, mo pariwo débi pé àwọn tó ń sùn sáré jáde.

Ehoro Méjì: "Mo ní ìwé, mo ní gègé" 😂😂

Bọ̀dá Láàbù: Èmi fojú mi rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́, wọ́n gé ìfun guinea pig (ẹran kékeré kan tó jọ òkété) díẹ̀, wọ́n gbé e kọ́ sínú omi oníyọ̀ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ bí ara ẹran, 37°C, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ń hó nínú rẹ̀. Iná kékeré ń ta á lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 10, 10. Gbogbo ìgbà tí iná bá ta á ló ń súnkì, kálàmù á sì fa ilà sókè lórí ìwé. A kán mọ́fíìnì sí i, ilà ń kéré, ó ń kéré, ó kù díẹ̀ kó tẹ́. Olùkọ́ ní, "Ṣé iṣan yìí ti kú ni?" Gbogbo wa ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó kán acetylcholine sí i, àfi gbàgà! Ó súnkì bíi pé wọn ò ṣe é ní nǹkan kan rí. Kì í ṣe iṣan ló rẹ̀. Acetylcholine ni nẹ́ẹ̀fù máa ń tú jáde láti fi ránṣẹ́ sí iṣan, mọ́fíìnì ni kò jẹ́ kó tú u. Ẹni tó ń jíṣẹ́ ni wọ́n dá dúró lọ́nà. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan tó ń jẹ́ Paton ti fi èyí hàn láti ọdún 1957.

Aláìgbàgbọ́: Ìfun tí wọ́n ti gé kúrò lára ẹran, níbo ló ti rí nẹ́ẹ̀fù?

Bọ̀dá Láàbù: Inú ara ìfun gan-an ni wọ́n wà, wọ́n tẹ́ bí àwọ̀n sáàárín ìpele iṣan méjèèjì. Kò nílò kí ọpọlọ pàṣẹ fún un.

Ọ̀rẹ́ Ẹran: Guinea pig yẹn ńkọ́? Ta ló tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ Oògùn: Irú ìfun guinea pig bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, Hughes àti Kosterlitz, lò ní Aberdeen, ní Scotland. Wọ́n yọ nǹkan kan nínú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀, nǹkan náà sì mú kí ìfun náà dẹwọ́ bíi ti mọ́fíìnì. Wọ́n fi naloxone, oògùn tó ń ba iṣẹ́ mọ́fíìnì jẹ́, sí i, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Báyìí la ṣe mọ enkephalin lọ́dún 1975, oògùn ìrora tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n Láàbù, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rò pé ńṣe ni ìfun máa ń rọ̀ jọwọrọ nínú gbogbo ẹran o. Ti ajá kì í rọ̀. Ńṣe ló máa ń fún ara rẹ̀ mọ́ ojú kan, kò ní tì síwájú.

Bọ̀dá Láàbù: Àbúrò, níbo ni mo ti kọ "rọ̀ jọwọrọ"?

Akẹ́kọ̀ọ́ Oògùn: Ẹ má bínú sà. Ẹ kọ "tẹ́".

Bọ̀dá Láàbù: ILÀ ni mo ní ó tẹ́.

Ehoro Méjì: Fífún tí kò tì síwájú yẹn ló ń mú kí ìgbẹ́ le. Bó bá ṣe ń pẹ́ nínú ni ara ń fa omi inú rẹ̀ mu. Ehoro mi yà á bí òkúta wẹ́wẹ́.

Ìyá Kọ́lì: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fún ajá ní loperamide, oògùn ìgbẹ́ gbuuru, o! Mo fún kọ́lì mi (irú ajá kan ni), torí pé ó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta gẹ́ẹ́gẹ́ẹ́, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, kò tún mọ̀ mí mọ́. Dókítà ní ìdílé mọ́fíìnì ni loperamide náà, àmọ́ ó yẹ kó mọ sínú ìfun, torí pé adènà wà lẹ́nu ọ̀nà ọpọlọ tó ń lé e padà. Ọ̀pọ̀ kọ́lì ni kò ní adènà yẹn, bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn.

Aláìgbàgbọ́: Màdáámù, èyí tí kò jáde là ń sọ. Ẹ̀yin wá ń sọ èyí tó ń jáde jù.

Ìyá Kọ́lì: Ìfun kan náà kọ́?

Aláìgbàgbọ́: Kò burú. Ìyá Dúdú, nǹkan kan ò yé mi. Abẹ́rẹ́ mọ́fíìnì, wákàtí mélòó kan ni. Èyí tí wọ́n gún lọ́jọ́ Ajé kò lè máa dí ajá lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Kí lẹ tún ń fún un?

Ìyá Dúdú: Hóró oògùn kan tí wọ́n kó fún wa relé ni, tramadol. Ìyẹn kì í ṣe mọ́fíìnì ṣáà?

Ehoro Méjì: Háà.

Adúró-ti-Ẹṣin: Ìyá Dúdú!!! Láti àárọ̀!

Akẹ́kọ̀ọ́ Oògùn: Ìdílé kan náà ni, mà. Agbára rẹ̀ lára ajá kò tó ti mọ́fíìnì, ṣùgbọ́n ó yẹ kí dókítà mọ̀ pé kò tíì yàgbẹ́.

Ìyá Dúdú: Kí n dá a dúró nìyẹn?

Ehoro Méjì: Rárá o! Èmi ṣe é rí. Mo ní oògùn ló ń pa ikùn ehoro mi, mo dá a dúró fúnra mi. Ìrora dé, kò jẹun mọ́, ikùn tún wá dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìrora nìkan tó láti dá ìfun ehoro dúró. Dókítà tún dá oògùn náà padà, a sì ń fi sírínjì fún un lóúnjẹ lẹ́nu.

Aláìgbàgbọ́: Naloxone tí Akẹ́kọ̀ọ́ Oògùn sọ lẹ́ẹ̀kan ńkọ́? Ẹ fún un, kó yà, ká lọ sùn.

Bọ̀dá Láàbù: Á gba inú ọpọlọ kọjá, á ba iṣẹ́ oògùn ìrora náà jẹ́, ajá á máa ké. Methylnaltrexone ni wọ́n ṣe fún irú èyí, kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ọpọlọ. Dókítà ló sì lè sọ bóyá ó yẹ, kì í ṣe èmi.

Ìyá Dúdú: Mo ti pe dókítà. Ó ní kí n máa gbé e bọ̀ kíákíá, kí n mú oògùn náà dání. A ti wà lọ́nà.

Adúró-ti-Ẹṣin: Ẹ mú ìwé àti gègé dání.

Ọ̀rẹ́ Ẹran: Mo ṣì ń dúró de ẹni tó máa dáhùn ọ̀rọ̀ guinea pig yẹn.