Kámẹ́rà ká mi mọ́ orí eré: orúkọ ta ni kí n kọ sínú lẹ́tà yìí?

Ìyá Ìrètí, Leeds

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni oorun ò ti kun ojú mi mọ́, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe, ọ̀sán nìkan ni mo fi ń sùn.

Lẹ́tà kan ló já wọlé. Mo rò pé ti owó iná ni. Mo ṣí i, mo rí orúkọ mi, mo rí nọ́ńbà ọkọ̀ mi, mo wá rí 37. Wọ́n ní lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ní aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú àárọ̀, ọkọ̀ mi ń sá máìlì 37 ní wákàtí kan níbi tí wọ́n ti ní ká má kọjá 30.

Èmi ni mo wà nídìí ọkọ̀, n ò ní purọ́ fún yín. Mo rántí àárọ̀ ọjọ́ náà dáadáa torí pé bàbá kan kú sí wa lọ́wọ́ lóru níbi iṣẹ́, mo sì fẹ́ délé kí ẹkún tó bọ́ lójú mi. Ọ̀nà náà fẹ̀, ọkọ̀ méjì lè lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, méjì lè bọ̀, koríko wà láàárín. Lójú tèmi, 40 ni.

Ó kù díẹ̀ kó pé ọdún kan tí mo gba láísẹ́ǹsì ibí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe ìdánwò kí n tó yege. Bẹ́ẹ̀, ọdún mọ́kànlá ni mo fi wakọ̀ n'Íbàdàn tí ẹnikẹ́ni ò kọ lẹ́tà sí mi! Nílé, bí wọ́n bá dá ọ dúró, wàá rí ojú ẹni tó dá ọ dúró, ẹ óò jọ sọ̀rọ̀. Ta ni mo fẹ́ bẹ̀ nínú kámẹ́rà?

Ohun tí kò yé mi ni pé lẹ́tà náà ò béèrè owó. Wọ́n kàn ní kí n kọ orúkọ ẹni tó ń wakọ̀ ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ 28. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ní kí n má dá wọn lóhùn, pé bí n ò bá ti fọwọ́ sí nǹkan kan, kò sí ẹ̀rí. Òmíràn ní ṣebí àbúrò ọkọ mi wá kí wa lóṣù tó kọjá, ó sì ti padà sí Èkó, kí n kọ orúkọ rẹ̀. Ta ló máa wá a dé Agége? Ọkọ mi ní kí n sanwó kí ọ̀rọ̀ tán, ṣùgbọ́n n ò rí ibi tí wọ́n ti ní kí n san nǹkan kan. Lọ́dún tó ń bọ̀ ni ìwé ìgbélùú wa yóò yí padà, ìyẹn gan-an ló ń já mi láyà. Kí ni kí n ṣe?

Bọ̀dá Peckham

Anti, ẹ fọkàn balẹ̀. Àbúrò ọkọ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ kọ. Ó ti lọ, ó ti lọ nìyẹn. Mo mọ ẹni mẹ́ta tó ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì kú síbẹ̀.

Bàbá Awakọ̀, Birmingham

Ìyá Ìrètí, ọmọ mi, kọ́kọ́ bu omi mu. Ẹ kú ọ̀fọ̀ bàbá tó kú sí yín lọ́wọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi wa bọ́ọ̀sì nílùú yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti gba irú lẹ́tà yẹn rí, ẹ̀ẹ̀kan péré, lórí ọkọ̀ ara mi, lọ́jọ́ tí mo ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá Bọ̀dá Peckham lóhùn, torí ìmọ̀ràn rẹ̀ ń lọ kiri láàárín wa bí ìròyìn ayọ̀.

Ẹ ò tíì gbàgbé Fiona Onasanya. Ọmọ wa ni, orúkọ yẹn kò fara pamọ́. Agbẹjọ́rò ni, ó sì tún jẹ́ aṣòfin tó ń ṣojú Peterborough. Ní oṣù keje ọdún 2017, kámẹ́rà ká Nissan Micra rẹ̀ mọ́ 41 níbi tó jẹ́ 30, ní abúlé Thorney. Irú lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí náà ló dé ilé rẹ̀. Orúkọ ọkùnrin kan ni wọ́n kọ ránṣẹ́ padà pé òun ló wakọ̀. Nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé Rọ́ṣíà ni ọkùnrin náà wà lọ́jọ́ yẹn, ó lọ kí àwọn òbí rẹ̀! Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ Agége kọ́ la kọ́kọ́ ń gbọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 2018, wọ́n dá a lẹ́bi ní Old Bailey, ilé ẹjọ́ ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Oṣù kan lẹ́yìn náà, adájọ́ rán an lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́ta. Oṣù mẹ́wàá ni wọ́n fún arákùnrin rẹ̀ tó lọ́wọ́ sí irọ́ náà. Kí oṣù karùn-ún ọdún 2019 tó dé ìdajì, àwọn olùdìbò àgbègbè rẹ̀ ti fọwọ́ síwèé pé kó lọ, ó sì kúrò nípò.

Ẹ wá wò ó: 41 yẹn ṣì wà lára eré tí wọ́n máa ń tìtorí rẹ̀ rán ènìyàn lọ sí kọ́ọ̀sì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa eré ọkọ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àárọ̀ ọjọ́ kan lórí àga ni gbogbo ìyà náà ì bá jẹ́. Àwọn òyìnbó náà ò mú un jẹ o: Chris Huhne tó ti ṣe mínísítà àti ìyàwó rẹ̀ àtijọ́ gba oṣù mẹ́jọ mẹ́jọ ní 2013, torí póìǹtì (àmì ìyà tí wọ́n ń kọ sí láísẹ́ǹsì awakọ̀) tí ìyàwó bá a gbé ní 2003. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn irọ́ yẹn ni ẹ̀wọ̀n dé.

Ti ẹni tó ní kó o dákẹ́: ẹ̀sùn ni dídákẹ́ náà. Póìǹtì 6 ni, owó ìtanràn rẹ̀ sì lè tó £1,000. Ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì tó yege ìdánwò, póìǹtì 6 ni wọ́n fi ń gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì padà sídìí L pupa tí àwọn tó ń kọ́ ọkọ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọkọ̀, ìdánwò látìbẹ̀rẹ̀. Ìwọ tó o ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta! Ojú rẹ ò ní rí i.

Ọkọ rẹ náà ò mọ̀ pé kò tíì sí ohun tí à ń san. Ohun tí lẹ́tà àkọ́kọ́ ń béèrè ò ju "ta ni?" lọ. Dá wọn lóhùn: orúkọ rẹ, àdírẹ́sì, nọ́ńbà láísẹ́ǹsì, kó o buwọ́ lù ú. Yà á ní fọ́tò kó o tó fi ránṣẹ́, kó o sì gba ìwé ẹ̀rí ní pósítọ́fíìsì pé o fi ránṣẹ́, ọ̀fẹ́ ni. Má kọ ọ̀rọ̀ bàbá tó kú síbẹ̀. Ó dun èmi, àmọ́ fọ́ọ̀mù yẹn ò ní etí. Àwọn kan á ní kó o wò ó bóyá lẹ́tà pẹ́ kó tó dé, torí ọjọ́ 14 ni òfin fún ọlọ́pàá kí àkọ́kọ́ fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ọkọ̀. Tìrẹ ò tó ọjọ́ mẹ́rin. Kò sí ọ̀nà níbẹ̀.

Lẹ́tà kejì ló máa gbé oúnjẹ wá. Níbi tó jẹ́ 30, ẹni tó sá 35 sí 42 ni wọ́n sábà máa ń fún ní kọ́ọ̀sì, bí kò bá tíì ṣe irú rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta. Wàá san owó rẹ̀, kò sábà jìnnà sí £100, ṣùgbọ́n póìǹtì kankan ò ní kan láísẹ́ǹsì rẹ. Bí o bá kọ̀ ọ́, £100 pẹ̀lú póìǹtì 3. Bí o bá ní o fẹ́ lọ jiyàn níwájú adájọ́, ọwọ́ rẹ ló wà, ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ ti sọ níbí pé ìwọ ni.

Ti 40 tó o rò yẹn, n ò bá ọ wí. Òpó iná ni wọ́n fi ń sọ ọ́ níbí. Níbi tí òpó iná bá tò létí títì, tí o ò rí pátákó tó sọ nǹkan mìíràn, 30 ni, ì báà jẹ́ ọ̀nà oníkoríko láàárín. (Ní Wales, 20 ni láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023.) N'Íbàdàn, ta ló ń bi òpó iná léèrè eré? Bóyá yóò tàn là ń wò.

Ìwé ìgbélùú: tíkẹ́ẹ̀tì ẹyọ kan tí a yanjú lásìkò kì í sábà dí i lọ́wọ́. Irọ́ àti ilé ẹjọ́ ló ń dí i. Bí fọ́ọ̀mù bá bi ọ́, kọ ọ́ síbẹ̀.

Títí Manchester

Bàbá ti sọ ọ́ tán. Mo ṣe kọ́ọ̀sì yẹn lọ́dún tó kọjá lórí kọ̀ǹpútà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́ta. Anti, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ lé àwọn ọmọ jáde, kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà ní títàn, wọ́n á sì ní kí ẹ fi láísẹ́ǹsì hàn. Ẹ má pẹ́ dé, wọ́n ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé.

Kò sí ìdánwò. Mo lọ pẹ̀lú ìbínú, àmọ́ nǹkan kan wọ̀ mí lára: bí ẹ bá ń sá 30, mítà 23 ni ọkọ̀ máa lọ láti ìgbà tí ẹ rí ọmọ lójú títì títí tó máa fi dúró, bí ó bá jẹ́ 40, ó di 36. Ọkùnrin kan nínú wa ní òun mọ bíréèkì òun. Olùkọ́ ní, "Ṣé ọmọ náà mọ̀ ọ́n?"

Ti ìnṣọ́ránsì, póìǹtì ló ń gbé owó wọn sókè. Kọ́ọ̀sì kì í ṣe ìdálẹ́bi, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi yín ní tààrà bóyá ẹ ṣe é rí, ẹ sọ òótọ́.

Ẹ kíyè sára o, bí tẹ́ẹ̀sì bá wọlé lórí fóònù pé kí ẹ tẹ ibì kan kí ẹ sanwó eré, olè ni.

Bọ̀dá Peckham

Bàbá, mo gbọ́. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí mo sọ ò gbé ìpè mi mọ́ láti oṣù kìíní. Mo rò pé owó mi tó jẹ ló ń sá fún. Jẹ́ kí n tún pè é.

Ìyá Ìrètí, Leeds

Ẹ ṣeun o. Mo fi ìdáhùn mi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì tí ẹ̀yin bàbá kọ̀wé, orúkọ ara mi. Ọjọ́ kọkànlá ni lẹ́tà kejì dé: kọ́ọ̀sì. Mo ti sanwó, Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni, aago mẹ́wàá àárọ̀. Tààrà láti ibi iṣẹ́ alẹ́ ni mo máa bọ́ sórí àga, ẹ bá mi gbàdúrà kí n má sùn lójú kámẹ́rà.

Mo tún gba ọ̀nà yẹn kọjá láàárọ̀ òní, ní 28. Mo ka òpó iná: mọ́kànlélógún kí n tó dé ráńdábọ́ọ̀tù. Gbogbo wọn ló ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin kan tẹ fèrè lẹ́yìn mi títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Àbúrò ọkọ mi pè láti Agége lánàá. Ó ní òun gbọ́ pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ fi òun ṣe dírẹ́bà ní Leeds. Bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ náà ò mọ ọkọ̀ wà.